Ojú Odù Mẹ́rìndínlógún àti Òfin tí ń Padà Sórí Ara Rẹ̀

Bí a bá ní kí ènìyàn ka gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà to nǹkan díẹ̀ pọ̀, yóò rò pé iṣẹ́ náà kò le. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi ka òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò sì fo òmíràn. Mo fẹ́ ṣàlàyé òfin kan tí kì í fo ọ̀kan, tí kì í sì í ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Odù Ifá ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo olùkọ́ kan ní Aisegba-Èkìtì, tí ó mú èèpo èso mẹ́rin wá síwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí èèpo bá ṣí, ìlà kan ni wọn yóò fà. Bí ó bá dé, ìlà méjì ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ń ka ọ̀pẹ̀lẹ̀, àfi pé mẹ́jọ ni èèpo tirẹ̀: mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì.

Òfin tí olùkọ́ fi lélẹ̀ nìyí: “Ẹ kọ gbogbo èyí tí ẹ ti ní lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ìlà kan sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ìlà méjì sí abẹ́ ti èkejì.” Lórí pátákó tí ó ṣófo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kìíní mú 2 jáde, ìgbà kejì 4, ìgbà kẹta 8, ìgbà kẹrin 16. Ó sì ní kí wọ́n dúró. Ogbè wà níbẹ̀, tí gbogbo ipò rẹ̀ jẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀yẹ̀kú wà níbẹ̀, tí gbogbo tirẹ̀ jẹ́ méjì-méjì. Ìwòrì àti Òdí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ipò tí ọ̀kan ti ní ìlà kan jẹ́ ipò tí èkejì ti ní méjì. Kò sí ọ̀kan tí ó sọnù.

Ohun mẹ́ta ni ó gbé iṣẹ́ yìí ró: ìbẹ̀rẹ̀, òfin tí ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti bí, àti ibi ìdúró. Àwọn mẹ́ta yìí náà ni ó wà nínú irú ìbéèrè tí a ń pè ní WITH RECURSIVE ní èdè SQL, èyí tí wọ́n fi kún ìlànà èdè náà ní ọdún 1999. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà a mú kìkì àkọsílẹ̀ tí ìgbà tí ó ṣáájú bí, a sì fi ẹyọ kan kún un. Nígbà tí kò bá rí tuntun mọ́, a dúró. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti fi ibi ìdúró sí i yóò rí i pé iṣẹ́ náà kò lópin.

Bí a bá wá fi ojú odù 16 lọ́tùn-ún pàdé 16 lósì, 256 ni a ó rí: 16 jẹ́ méjì, bí Ogbè Méjì, 240 sì jẹ́ àmúlù. Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú kì í ṣe Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì, àmúlù 120 péré ni ì bá jẹ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni èrè rẹ̀? Ẹ̀rọ lè to orúkọ odù 256 kí a tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá kò sí nínú òfin náà. Ẹnu àwọn àgbà ni ó wà. Ní ọdún 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé aráyé, ṣùgbọ́n ìkéde kò lè gba ẹsẹ sílẹ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá ti kú. Èrè ìwé tí ó pé ni pé ó ń fi ohun tí ó kù hàn. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ fa ojú ìlà 256 sínú ìwé yín. Ẹ tọ àwọn babaláwo ìlú yín lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá gbà kí ẹ kọ. Ojú ìlà tí ó bá ṣófo ni yóò sọ ibi tí iṣẹ́ kù sí fún yín.