Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé ẹni tó lè kọ wẹ́ẹ̀bù ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bò ó?

Ẹ̀yin ará Ìlọrin tó ń bèèrè pé, "Computer Science ni kí n kà ni, àbí Cyber Security?", ẹ gbọ́ ná.

1. HTML àti CSS ló ń gbé ojú wẹ́ẹ̀bù jáde. Ọ̀dà ara ilé nìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

2. Ẹ̀yìn wẹ́ẹ̀bù (backend) ni iṣẹ́ ààbò wà. Ká ní o kọ pọ́tà ilé ìwé, tí ohun tí èèyàn bá tẹ̀ síbi orúkọ sì ń wọ inú àṣẹ SQL (èdè tí wọ́n fi ń bá database, ibi tí dátà wà, sọ̀rọ̀) tààrà. Olè á tẹ àṣẹ tirẹ̀ síbẹ̀, database á sì jẹ́ ẹ! SQL injection nìyẹn. Àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n láti 1998, síbẹ̀ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Prepared statement ni kí o lò: ó máa ń ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n tẹ̀.

3. Password ńkọ́? Hash ẹ̀, ìyẹn ni pé kí o sọ ọ́ di àmì tí kò ṣeé yí padà kí o tó tọ́jú ẹ̀. Má fi dátà àwọn èèyàn ṣeré, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti wà láti 2023 o.

Ní ti ìbéèrè yín lórí kọ́ọ̀sì, Yunifásítì Ìlọrin ń kọ́ni ní Computer Science, Kwara Poly náà ń ṣe é. Lójú tèmi, orúkọ kọ́ọ̀sì kọ́ ló jà jù. Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ bóyá wọ́n máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbìyànjú láti já wọ inú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ẹ tàgì ọmọ tó ń múra JAMB, kẹ́ ẹ sì bá wa ṣe ṣíà.