Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn Ọkọ̀ Ojú Omi Tuntun Láti Ìgbọ́kọ̀dá Dé Àgbádárìgì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tí oko yín wà ní etí ọ̀sà, ẹ mọ̀ pé owó kékeré kọ́ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń kó jọ kí ó tó lè ra ọkọ̀ onípákó ńlá tí a ó máa fi kó gbágùúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja yíyan lọ sí ọjà. Àwọn Ìlàjẹ mọ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn dáadáa, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sí agbègbè Ìgbọ́kọ̀dá láti rà á. Nígbà tí ẹ bá sanwó tán, ó ku kí ọkọ̀ náà dé èbúté yín. Lórí ìrìn kan ṣoṣo yìí ni ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀mí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ti lè ṣòfò bí a kò bá ṣe ìṣirò kí a tó tú okùn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi ẹgbẹ́ tí ó wà ní Àgbádárìgì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀nà tiwọn ni ó jìn jù.

Láti Ìgbọ́kọ̀dá, ọkọ̀ yóò kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Yóò gba àwọn odò tóóró àti àwọn ipa omi tí a fi ọwọ́ gbẹ́ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, yóò kọjá ní agbègbè Atijẹrẹ àti Màkún-Omi, kí ó tó bọ́ sí Ọ̀sà Lẹ́kì. Lẹ́yìn èyí ni Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ni Ọ̀sà Èkó. Yóò wá gba abẹ́ àwọn afárá Èkó, yóò kọjá ní ibi tí ọ̀sà ti ń wọ òkun, yóò sì bọ́ sí odò gbọọrọ tí ó lọ sí Àgbádárìgì, èyí tí ó tún ń bá a lọ dé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Bí a bá wọn ọ̀nà náà tààrà, Ìgbọ́kọ̀dá sí Ẹ̀pẹ́ lé ní kìlómítà 90, Ẹ̀pẹ́ sí Erékùṣù Èkó tó 65, Èkó sí Àgbádárìgì sì lé díẹ̀ ní 55. Ṣùgbọ́n odò kì í lọ tààrà. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un, kí ẹ sì ṣírò gbogbo rẹ̀ sí nǹkan bí kìlómítà 260.

Ìgbà wo nínú ọdún ni ó dára jù? Ohun méjì ni ó ń bá ara wọn jà níhìn-ín. Èkíní ni ewéko olódòdó àlùkò tí ó ń léfòó, tí ó sì ń dí ojú omi pa. Èyí kì í ṣe ojú oró tàbí òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ọdún 1984 ni a sì kọ́kọ́ rí i ní odò Àgbádárìgì, tí omi gbé e wọlé láti ilẹ̀ Benin. Kò fẹ́ràn iyọ̀. Nígbà ẹ̀rùn, tí omi òkun bá wọ inú Ọ̀sà Èkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ a kú. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, omi tútù láti inú odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò yòókù yóò tún gbé òmíràn wá. Ohun kejì ni pé bí ẹ̀rùn bá ti pẹ́, omi inú àwọn odò tóóró ìhà Ìlàjẹ a fà, ìdí ọkọ̀ a sì máa kan ilẹ̀. Nítorí náà, a rò pé oṣù December sí ìbẹ̀rẹ̀ January ni ó sàn jù: ewéko ti ń dínkù ní ìhà Èkó, omi kò sì tíì gbẹ jù ní ìhà ìlà-oòrùn. Ọyẹ́ a máa bo ojú omi ní òwúrọ̀ nígbà náà; ẹ dúró kí ó ká kí ẹ tó gbéra. Ẹ yẹra fún oṣù March sí May, nígbà tí ìjì a máa ti ìlà-oòrùn já wá lójijì pẹ̀lú ìkùukùu dúdú.

Ọ̀rọ̀ ìkún àti ìfà omi ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ. Ní ẹnu òkun Èkó, omi a máa kún fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, a sì máa fà fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Lójoojúmọ́, àkókò náà a máa fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àti nígbà tí òṣùpá bá kún, agbára rẹ̀ a pọ̀ ju ti ìyókù lọ. Bí ẹ ti ń jìnnà sí ẹnu òkun ni agbára yìí ń dínkù tí ó sì ń pẹ́ kí ó tó dé. Ní Ọ̀sà Lẹ́kì, tí omi rẹ̀ jẹ́ omi tútù, ẹ lè má tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wá wò ó: omi tí ó ń fà ń ṣàn láti ìhà Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èkó, nítorí náà ọ̀rẹ́ yín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjá Èkó, omi kan náà yóò máa ti Àgbádárìgì bọ̀ wá pàdé yín. Níbẹ̀, omi tí ó ń kún ni yóò tì yín lẹ́yìn. Ẹ wá inú tábìlì ìkún omi ti èbúté Èkó, kí ẹ yan ọjọ́ tí omi yóò kún tán ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀. Bí ẹ bá kúrò ní Ẹ̀pẹ́ ní ìdajì wákàtí ṣáájú aago méje, omi tí ó ń fà yóò bá yín lọ fún apá tí ó kù sí Èkó. Ẹ ó dé ẹnu òkun ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ sí aago kan, nígbà tí omi bá dúró díẹ̀ kí ó tó yí padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ni ó yẹ láti fi kọjá, nítorí pé ọkọ̀ òkun ńlá ń gba ibẹ̀, ìgbì wọn sì lè da omi sínú ọkọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, omi tí ó ń kún yóò gbé yín kọjá Àpápá lọ sí Òjó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sùn níbẹ̀. Ìyókù sí Àgbádárìgì kò ju iṣẹ́ òwúrọ̀ kan lọ.

Ètò yìí tún bá afẹ́fẹ́ mu. Afẹ́fẹ́ láti òkun a máa le ní ọ̀sán, Ọ̀sà Èkó sì fẹjú ṣùgbọ́n kò jìn, nítorí náà ìgbì rẹ̀ a kúrú, a sì ga. Ẹ má ṣe fi ìrọ̀lẹ́ la àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ tún ṣọ́ àwọn igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, ìtì gẹdú tí ó rì sínú omi, páìpù àwọn tí ń fa iyanrìn, àti àwọn òpó Afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní ọdún 1990. Ẹni kan gbọ́dọ̀ dúró níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, iṣẹ́ kan ṣoṣo tirẹ̀ sì ni wíwo omi.

Ní ti epo, láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú ìwọ̀n lásán rà á mọ́. Ẹ fi ọkọ̀ náà rìn fún wákàtí kan ní Ìgbọ́kọ̀dá kí ẹ tó gbéra, kí ẹ wọn iye lítà tí ó jẹ àti ibi tí ó dé. Ká ní ó rin kìlómítà 13, ó sì jẹ lítà 12. Kìlómítà 260 yóò gba wákàtí 20, èyí tí í ṣe lítà 240. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kún un nítorí ewéko, ìṣìnà àti afẹ́fẹ́: ó di lítà 320. Kò pọn dandan láti gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ẹ lè ra òmíràn ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná tàbí mu sìgá nítòsí rẹ̀.

Pákó tuntun a máa ṣí sílẹ̀ ní ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọkọ̀ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kí pákó lè wú, kí ẹ sì rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jò mọ́ kí ẹ tó san owó ìkẹyìn fún ẹni tí ó kàn án. Ẹ gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ní ọ́fíìsì NIWA nípa ìwé àṣẹ. Àwọn aláṣẹ ti fi òfin de ìrìn alẹ́ lórí omi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, àti ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ pàápàá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó gùn jù, láti Ìgbọ́kọ̀dá sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ háyà ọmọ Ìlàjẹ kan gẹ́gẹ́ bí amọ̀nà títí dé Ọ̀sà Lẹ́kì, nítorí pé ipa omi tí ó ṣí sílẹ̀ lánàá, ewéko lè ti dí i lónìí. Bí ẹ bá bá a pàdé, ẹ má ṣe fi agbára ẹ́ńjìnnì là á. Ẹ paná rẹ̀, ẹ gbé e sókè kúrò nínú omi, kí ẹ fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ewéko kúrò lára abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára ṣì ń tú jáde lẹ́yìn. Bí kò bá tú jáde, ẹ́ńjìnnì yóò jóná láìpẹ́. Bí ọjọ́ bá lọ tán lórí èyí, ẹ sùn ní Ìwópin, kí ẹ sì sún ètò ìkún omi yín síwájú. Nítorí ìdí yìí ni ó fi yẹ kí ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì pamọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yóò fẹ́ di ẹrù sínú ọkọ̀ náà kí owó epo lè padà wọlé. A kò fara mọ́ ọn. Ẹ kò tíì mọ ìwà ọkọ̀ náà nínú ìgbì, ẹ kò sì mọ bí pákó rẹ̀ yóò ti ṣe lábẹ́ ẹrù. Ènìyàn mẹ́rin, epo, oúnjẹ, ìdákọ̀ró, àjẹ̀ méjì àti igbá ìgbọ́nmi ti tó fún un.

Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ẹ fà á sórí ilẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà. Omi oníyọ̀ tí ó gbà kọjá ní Èkó ní kòkòrò tí ń lu igi láti inú, ihò tí ó sì ń gbà wọlé kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè tètè rí i.