PÁKÓ ÌRÓKÒ: BÍ A ṢE LÈ MỌ ÈYÍ TÍ Ó DÁRA

Ẹ̀yin òbí wa, bí a bá fẹ́ ra pákó fún ilẹ̀kùn ilé tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ kí a wo inú rẹ̀ dáadáa. Àárín igi ìrókò ni ó le, tí ikán kì í sábà jẹ, tí òjò kì í sì í tètè mú jẹrà. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, ó pọ́n rúsúrúsú. Bí ó bá pẹ́, yóò máa dúdú sí i. Ṣùgbọ́n apá funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo kò rí bẹ́ẹ̀, kòkòrò a máa jẹ ẹ́. Kí ẹ má ṣe gbà á mọ́ ojúlówó.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ẹ máa bo imú, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa yún ara, a sì máa dí èémí. Òkúta inú rẹ̀ a sì máa ba ayùn jẹ́.