Ọ̀nà Naivasha: ẹ yẹ búrèkì wò kẹ́ ẹ tó wòran!

Láti Nairobi dé Naivasha, ní Kẹ́ńyà, kò tó 100 kìlómítà. Àmọ́ ẹni tí búrèkì rẹ̀ ò bá dáa, kó má gba ọ̀nà àtijọ́ o jàre! Lójijì lòkè á tán, tí àfonífojì ńlá á tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Èrò ọkọ̀ ló lè máa wòran, dẹ́rẹ́bà ò gbọdọ̀ wò ó. Àwọn sójà Ítálì tí wọ́n mú lójú ogun ló la ọ̀nà náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n kọ́ ní 1942 ṣì wà lẹ́sẹ̀ òkè.

Létí adágún, òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ lọ jàra. Tílẹ̀ bá ṣú, erinmi á gòkè wá jẹ koríko àgbàlá wọn. Ẹ má fi wé ẹlẹ́dẹ̀ o, ó ń pààyàn! Ní 2020, adágún kún, ó bo ilé àwọn mẹ̀kúnnù tó wà nítòsí. Àlejò á sanwó òtẹ́ẹ̀lì, á máa lọ. Àwọn yẹn ló ń wálé kiri.