Ṣé ohùn Peckham kò bá ipò ńlá mu ni? Bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ẹnu díwọ̀n èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá dúró ní Rye Lane lọ́sàn-án Sátidé, ẹ lè gbọ́ ohùn mẹ́ta lẹ́nu ọmọ kan ṣoṣo. Ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà níbùdókọ̀, "innit" àti "bare" ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù láti ra iṣu, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Kò tíì sanwó tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ibi tó ti ń wá iṣẹ́ ló ń pè é. Kíá, gbogbo "t" tó ti ń gbé mì padà sáyè wọn, ohùn rẹ̀ wá dà bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn lórí BBC.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní kíláàsì. Ó ti mọ̀ fúnra rẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún lẹ́nu èèyàn ni ọ̀pọ̀ fi ń pinnu irú ilé tó ti wá, bóyá òbí rẹ̀ lówó lọ́wọ́, àti bóyá ó yẹ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ohùn àdúgbò kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́

Lẹ́yìn ọdún 2000, àwọn onímọ̀ èdè bíi Jenny Cheshire àti Paul Kerswill ṣèwádìí lórí bí àwọn ọ̀dọ́ London ṣe ń sọ̀rọ̀. Hackney wà lára ibi tí wọ́n lọ, àmọ́ ẹni tó bá gbé Peckham máa dá ohùn náà mọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Multicultural London English. Ó ní ìlànà tirẹ̀. Àwọn ọmọ tí òbí wọn wá láti Jàmáíkà, Áfíríkà àti Éṣíà ló bá àwọn ọmọ London dàgbà ní àdúgbò kan náà, tí èdè wọn sì wọnú ara wọn. Àwọn ọmọ òyìnbó tó ń bá wọn ṣọ̀rẹ́ náà ń sọ ọ́.

Síbẹ̀, ojú tí àwọn aláṣẹ fi ń wò ó yàtọ̀. Ní 2013, Harris Academy Upper Norwood, ilé ìwé kan ní gúúsù London, lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má lo àwọn ọ̀rọ̀ bíi "innit", "bare" àti "ain't".

Ní 2022, àjọ Sutton Trust gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn àwọn ọ̀tọ̀kùlú, tí kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú tó ń sọ ọ́, ni àwọn èèyàn ṣì ń gbé sókè jù. Ohùn Birmingham, Liverpool, àti ti àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Caribbean tàbí Íńdíà ló wà nísàlẹ̀. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n bi léèrè, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé wọ́n ti fi ohùn àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí bẹnu àtẹ́ lù ú níbi iṣẹ́. Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìdá 30 ló sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn nílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ òṣèlú

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní London lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Mark Duggan ní Tottenham. Rye Lane náà fara gbá. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará Peckham fi ìwé pélébé-pélébé kọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn àdúgbò wọn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tí wọ́n fi dí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tó fọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, òpìtàn David Starkey sọ lórí ètò Newsnight pé ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ àwọn ará Jàmáíkà wà lára ohun tó ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ó wá fi David Lammy, aṣòfin Tottenham, ṣe àpẹẹrẹ adúláwọ̀ tó rọ́wọ́ mú: ó ní bí èèyàn bá gbọ́ ọ lórí rédíò, á rò pé òyìnbó ni.

Ẹ wo pàkúté tó wà níbẹ̀. Bí adúláwọ̀ bá sọ̀rọ̀ bíi ti àdúgbò rẹ̀, wọ́n á ní jàǹdùkú ni. Bó bá sọ̀rọ̀ bíi ti ọ̀tọ̀kùlú, wọ́n á ní òyìnbó ló ń dún lẹ́nu rẹ̀. Lammy fúnra rẹ̀ di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 2024.

Kì í ṣe adúláwọ̀ nìkan ló ń jẹ ìyà yìí. Margaret Thatcher, ọmọ onísọ́ọ̀bù ní Grantham, gba ẹ̀kọ́ lórí ohùn rẹ̀ kó tó di olórí ìjọba ní 1979. Ní 2021, Digby Jones, tó ti ṣe mínísítà rí, bẹnu àtẹ́ lu Alex Scott tó ń ṣàlàyé ìdíje Olympics lórí BBC, nítorí pé kì í pe "g" tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀. Alex fèsì pé ìdílé òṣìṣẹ́ ní Poplar lòun ti wá, inú òun sì dùn sí i.

Ti John Boyega wá sún mọ́ wa jù. Peckham ni wọ́n bí i sí ní 1992, ọmọ Yorùbá ni, Theatre Peckham sì wà lára ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Nínú Star Wars ní 2015, ohùn Amẹ́ríkà ló fi ṣe Finn. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2020, nígbà tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní Hyde Park lẹ́yìn ikú George Floyd, ohùn Peckham ló gbé jáde. Omijé wà lójú rẹ̀, kò tún ohùn kankan ṣe. Fídíò náà lọ káàkiri ayé, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé.

Ṣé òfin lè gbani?

Díẹ̀ ni. Òfin Equality Act ti ọdún 2010 dárúkọ ohun mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ṣe ẹ̀tanú sí èèyàn. Ẹ̀yà wà níbẹ̀, ẹ̀sìn àti ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ipò tí ìdílé èèyàn wà láwùjọ kò sí níbẹ̀, ohùn ẹnu fúnra rẹ̀ kò sì sí.

Ilé wa náà ńkọ́?

Àwa náà kò mọ́ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. A máa ń fi ará Ìbàdàn tó ń pe "ṣ" ní "s" ṣe yẹ̀yẹ́, a sì máa ń sín ará Ìjẹ̀bú àti Èkìtì jẹ. Ọmọ tí wọ́n bí síbí bá gbìyànjú Yorùbá, tí àmì ohùn ṣì í, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà á fi dáhùn, ó ti parí nìyẹn.

Àwọn ọmọ náà ń san án padà. Ìyá bá pe "thing" ní "ting", ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, bí ọmọ náà bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, "ting" lòun náà ń pè. Ìyá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí yìí lè mọ gbogbo ibi tí omi ti ń jò nínú ilé gogoro tí wọ́n ń gbé, kó sì jókòó jẹ́ẹ́ nípàdé àwọn ayálégbé. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ já geere, ni wọ́n á tẹ́tí sí.

Ohun tó lè ràn wá lọ́wọ́

Àwọn onímọ̀ èdè tó ṣe iṣẹ́ Accent Bias in Britain tún rí ohun tó mú ìrètí wá. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn agbẹjọ́rò díwọ̀n ìdáhùn àwọn tó ń wá iṣẹ́, bí ìdáhùn ṣe dára tó ló jẹ wọ́n lógún ju ohùn lọ. Wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ rán olùgbọ́ létí pé ẹ̀tanú ohùn wà, ẹ̀tanú náà máa ń dín kù.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ yí ohùn padà lórí fóònù yí i, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Àmọ́ bí ẹ bá wà lára àwọn tó ń gbani síṣẹ́, tàbí tó ń darí ìpàdé, ẹ rán àwọn tó kù létí kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Bí Màámi bá sì nawọ́ sókè nípàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.