Kí Ni Ìtẹríba fún Àwọn Olórí Ìjọ?

Ẹ̀yin ará wa nínú Kristi, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ òòjọ́ kó wá sí Galadimawa àti gbogbo àyíká Àbújá, ìbéèrè kan ń dé ọ̀dọ̀ wa lemọ́lemọ́: nígbà tí a ti fi ìjọ tí a ti ṣe ìrìbọmi fún wa sílẹ̀ ní ilé, ta ni kí a tẹríba fún níhìn-ín, ibo sì ni ìtẹríba náà mọ?

Ìwé Hébérù, orí 13, ẹsẹ 17, ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí. Ó ní kí a gbọ́ ti àwọn aṣáájú wa, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ọkàn wa ni wọ́n ń ṣọ́, wọn yóò sì jíhìn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí ìgbọràn níbẹ̀ jẹ mọ́ kí ọ̀rọ̀ yé ènìyàn títí ọkàn rẹ̀ yóò fi gbà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; ṣùgbọ́n àgbà tí ó tún orí ọmọ ṣe kọ́ ni ó ni ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó, níbi tí James Johnson ti jẹ́ àlùfáà. Ní 1900 a fi í jẹ igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ní kí ó fi ìjọ náà sílẹ̀, inú bí àwọn ọmọ ìjọ. Púpọ̀ nínú wọn jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀ ní 1901. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ojo: ó ti pẹ́ tí ó ti ń ta ko àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ní gbangba nítorí ẹ̀tọ́ ọmọ Áfíríkà. Síbẹ̀, ó dúró nínú Ìjọ Áńgílíkàn títí ó fi kú ní 1917.

A kò sọ èyí láti dá àwọn tí ó jáde lẹ́bi. Ìjọ wọn ń sin Ọlọ́run di òní. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹni tí ó tẹríba lè sọ òtítọ́ fún olórí rẹ̀, kí ó sì dúró. Àwa olórí pẹ̀lú ní láti mọ̀ pé àṣẹ tí ọkàn agbo kò gbà lè tú agbo ká.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ti àlùfáà ibi tí ẹ wà, nítorí òun ni ó lè bẹ̀ yín wò lórí àìsàn, tí ó sì lè bá yín wí nígbà tí ẹ bá ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kó owó ilé-ìwé ọmọ wá fún òun, kí ẹ pa oògùn dókítà tì, tàbí kí ẹ má bi òun léèrè, ó ti kọjá ààlà. Àwọn ará Bèróà yẹ Ìwé Mímọ́ wò láti mọ̀ bóyá òtítọ́ ni Pọ́ọ̀lù pàápàá ń sọ. Ìyìn ni wọ́n gbà fún un.

Kí Olúwa fún àwọn tí ń ṣọ́ ni ní ìrẹ̀lẹ̀, kí ó sì fún àwọn tí a ń ṣọ́ ní ọkàn tí ń gbọ́. Àmín.