Ìgbín Kì Í Ṣe Ẹran Oníkánjú O!

Ọ̀rọ̀ ìgbín ni mo gbé wá. Mẹ́rin ni mo rà l'Ọ́jà Ọba, l'Ádó-Èkìtì, owó rẹ̀ kò sì kéré, àmọ́ ìkánjú ni mo fi bà á jẹ́.

Mo kọ́kọ́ ju ọ̀kan nù pé ó ti kú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ó ti fi nǹkan funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, kò mira. Nígbà tí mo sọ fún ìyá tó tà á fún mi, ńṣe ló rẹ́rìn-ín títí. Oorun ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sùn! Ẹ bu omi wọ́n ọn, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, á yọjú. Èyí tó bá kú lóòótọ́, òórùn rẹ̀ á sọ fún yín. Ìyẹn, ẹ má jẹ ẹ́, bó ti wù kó wọ́n tó.

Mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ó ń fà bí ilá nínú ọbẹ̀ ni! Àlejò mi fi iyán sílẹ̀, ó ń wò mí.

Ìyá yẹn ló wá là mí lọ́yẹ̀. Kí n fọ ìkarahun mọ́ kí n tó fọ́ ọ, kí n fa ẹran jáde, kí n gé ìfun dànù. Lẹ́yìn náà, kí n fi álọ́ọ̀mù lílọ̀, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀, ra á, kí n máa fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ, kí n ṣan án, kí n tún ra á, títí tí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nígbà mìíràn. Álọ́ọ̀mù kó má pọ̀ jù o, á ba adùn ọbẹ̀ jẹ́. Eérú làwọn mìíràn ń lò, ó ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó bà mí lẹ́rù jù nìyí. Aràn kan wà tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró eku. Ó ń bá ìgbẹ́ eku jáde, ìgbín á sì jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ irú ìgbín bẹ́ẹ̀ láìjinná, aràn yẹn lè dé ọpọlọ rẹ̀: orí á máa fọ́ ọ, ọrùn á gan. Ní ọdún 2006, ní Beijing, ní ilẹ̀ China, ó lé ní 100 èèyàn tó kó o níbi tí wọ́n ti jẹ ìgbín inú omi tí kò jinná.

Nítorí náà, ẹ bọ̀ ọ́, kó hó dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó dín in tàbí kí ẹ dà á sọ́bẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn fi iná ra lórí igi ní ilé ọtí yẹn, èmi ò sí níbẹ̀! Ọ̀bẹ àti pátákó tí ẹ fi gé e, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó gé ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ ọ fún oníbàárà, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Omi tútù ara rẹ̀ náà, ẹ má fún ọmọ mu.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ṣà á. Oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn kòkòrò sí, ìgbín ibẹ̀ kì í ṣe ẹran ọbẹ̀.

Ta ló mọ ewé tó ń fọ ìgbín yá ju álọ́ọ̀mù lọ? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa o, èmi gan-an ń dúró dè é.